Ẹnìtàn Awakọ̀ àti Ìdánwò Ọ̀nà Gbaji

Orí bẹ́ńṣì ni Ẹnìtàn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa lọ́rì kan tí kò tíì fojú rí.

Abẹ́ igi àgbọn ni bẹ́ńṣì náà wà, ní Ajido, nínú àgbàlá àwọn àna rẹ̀. Ó kọjú sí ọ̀sà. Ẹnìtàn to òkúta mẹ́ta síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan fún kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún bíréèkì, ọ̀kan fún iná tí ń mú ọkọ̀ sáré. Ó gún igi kan mọ́ iyanrìn lápá ọ̀tún, ìyẹn ni jíà. Ọmọrí ìkòkò ńlá tí ìyàwó rẹ̀ fi ń bo ẹja ló ń yí lọ́wọ́ bíi sitiárìn. Kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ rẹ̀ ló kì bọ inú ihò ìṣó kan lára bẹ́ńṣì, ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Kí oòrùn tó gorí àgbọn, ó ti máa ń jókòó síbẹ̀. Àwọn apẹja tó ń ti ọkọ̀ wọn bọ́ sómi a máa kí i.

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹ ti dé Kọ̀tọ́nù?"

"Ó ku díẹ̀. Ibodè ni wọn ò tíì ṣí."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n á wa ọkọ̀ wọn lọ.

Ọdún 1985 ni. Ọdún kejì tí ìjọba ológun ti ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ pa nìyẹn. Kó tó di pé wọ́n tì í, ọdún méjìlélógún ni Ẹnìtàn ti fi wa ọkọ̀ ẹrù láàárín Èkó àti Kọ̀tọ́nù. Oníṣòwò tó ni ọkọ̀ náà dúró fún oṣù mẹ́ta, bóyá wọn yóò ṣí i. Nígbà tí wọn kò ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ náà. Táyà ló kọ́kọ́ tà, nítorí táyà ti di ohun tí èèyàn ń wá kiri. Lẹ́yìn náà ló ta ẹ́ńjìnnì. Ìgbà tí Ẹnìtàn lọ wo ọkọ̀ náà kẹ́yìn, orí igi mẹ́rin ló jókòó lé, koríko ti wọ inú ibi tí òun ti máa ń jókòó.

Yàrá tí wọ́n ń gbé ní Àgbádárìgì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Sewanu, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ajido ni, ó sì mú un wá sí ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Moyọ̀sọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àbúrò Ẹnìtàn obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó kó lè máa lọ sílé ìwé. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Oṣù mẹ́rìnlá ti lọ.

Ní Ajido, kò sẹ́ni tó bú u. Oúnjẹ tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, orí ẹja tó tóbi jù ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò ni. Fún oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ó bì. Nígbà kejì, ó dìde dúró nígbà tí kò yẹ kó dìde, àwọ̀n sì lọ mọ́ omi lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń fi í sílẹ̀ nílé.

Nùrúdíìnì ló mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà wá. Awakọ̀ ni òun náà, ó kéré sí Ẹnìtàn, ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti jọ wakọ̀ rí. Ó ti rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó sìmẹ́ǹtì, tí àgbàlá rẹ̀ wà létí ọ̀nà márosẹ̀ ní ìta Àgbádárìgì. Ọjọ́ Àìkú kan ló wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Ìgbà tó gúnlẹ̀, ó di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sì ti rin gbindin.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí ibòmíràn gbé ni? Àárín omi!"

"Ìwọ lo wá. Èmi ò ránṣẹ́ pè ọ́."

"Bí mo bá rì, ta ló máa jíṣẹ́ tí mo gbé wá?"

"Iṣẹ́ wo?"

Nùrúdíìnì jókòó lórí iyanrìn, ó fún omi ara ṣòkòtò rẹ̀ kúrò kó tó sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ń wá awakọ̀ kan. Ẹyọ kan. Èèyàn mọ́kànlá ti kọ orúkọ sílẹ̀, ó sì ti kọ ti Ẹnìtàn mọ́ wọn láìbi í. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò dán wọn wò lójú títì.

"Ẹ ti pé ẹni ọdún mélòó?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Oṣù kẹjọ ni n óò pé márùndínlọ́gọ́ta."

Nùrúdíìnì kà á lórí ìka. Oṣù kẹfà ni wọ́n wà.

"Ẹni tó bá ti pé márùndínlọ́gọ́ta, wọn kì í gbà á mọ́. Òfin wọn ni. Bẹ́ ẹ bá sì fìdí rẹmi, ó di lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ tó lè padà wá."

"Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó fi ìka ya inú lọ́rì náà sórí iyanrìn. Jíà mẹ́fà ló ní. Òkè lápá òsì ni rìfáàsì wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ bíi ti ọkọ̀ tí Ẹnìtàn mọ̀. Wọn yóò ní kó fi ẹ̀yìn wọ àárín àgbá mẹ́rin láìfọwọ́ kan ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọn yóò gbé ẹrù sí i, wọn yóò sì gba ọ̀nà Gbaji lọ síhà ibodè. Kò gbọdọ̀ wọ sílípáàsì. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni.

"Ohun tó tún kù rèé," ni Nùrúdíìnì wí. "Bátìrì lọ́rì yẹn ti kú láti oṣù kejì. Wọ́n ní ìwé àṣẹ tí wọ́n á fi kó tuntun wọlé ò tíì jáde. Láàárọ̀, bí ò bá tíì sẹ́rù nínú ẹ̀, gbogbo àwa dẹ́rẹ́bà la máa ń tì í kó tó jí. Bó bá ti jí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí wọ́n bá ń jẹun, ó ń dún. Bí wọ́n bá ń kírun, ó ń dún. Ẹ má pa á o."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ tún un sọ."

"Ìwọ Nùrúdíìnì, èmi tí mo fi ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ hàn ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí ọkàn mi balẹ̀."

"N kò ní í pa á."

Nígbà tí Nùrúdíìnì lọ tán, Sewanu jáde wá láti ìdí ààrò ẹja. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Tí wọ́n bá gbà yín," ó ní, "ṣé a máa padà sí Àgbádárìgì?"

"Oṣù àkọ́kọ́ gan-an. Yàrá kan. Moyọ̀ á padà wálé."

Lọ́jọ́ kejì, Sewanu fi ìwé ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó pé kí ọmọ náà máa di ẹrù rẹ̀, pé bí ilé ìwé bá ti parí sáà yìí, ó ṣeé ṣe kó máa bọ̀. Ẹnìtàn ìbá ti dá a dúró. Ìgbà tó mọ̀, ìwé ti lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Ó to òkúta, ó gún igi, ó bẹ̀rẹ̀. Jíà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ó ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì mọ́ òkúta, ó sì ń gbé e díẹ̀díẹ̀. Ibi tí rìfáàsì wà ló yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ọwọ́ rẹ̀ a máa sáré lọ sí ìsàlẹ̀. Yóò dá a dúró, yóò gbé e lọ sókè. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ọwọ́ náà ti gbọ́ràn.

Mautin, àbúrò Sewanu ọkùnrin, ló tún bàtà rẹ̀ ṣe. Bàtà kan ṣoṣo tó ní ti ya ẹnu níwájú. Mautin fi abẹ́rẹ́ àti okùn tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe rán an yí ká, okùn funfun lára bàtà dúdú.

"Fofo," ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní èdè Gun nìyẹn, "bí iṣẹ́ yẹn ò bá bọ́ sí i, ẹ lè fi bàtà yìí pẹja."

"Yóò bọ́ sí i."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ pé kò ní í ya mọ́ ni."

Àwọn awakọ̀ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ní ìṣe kan tí àwọn awakọ̀ ìgboro Èkó kò ní. Ó ní ohun tó fà á. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú àwọn ṣọ́jà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún bó ṣe ń wá pátíkọ́là, ìwé ọkọ̀ rẹ̀, nínú àpò. Ọkọ̀ náà fò síwájú díẹ̀. Ṣọ́jà kan rò pé ó fẹ́ sá. Ìdí ìbọn ni wọ́n fi fọ́ ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin náà, kò sì wakọ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ara rere kọjá lọ́nà yẹn, kó tó dé ọ̀dọ̀ ṣọ́jà ni yóò ti pa ẹ́ńjìnnì. Yóò yọ kọ́kọ́rọ́, yóò gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí wọn yóò ti rí i. Yóò na ọwọ́ méjèèjì síta ojú fèrèsé.

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Ẹnìtàn. Òun a máa pa á láti òkèèrè. Ọkọ̀ ńlá náà yóò máa yí bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdún, yóò sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún ṣọ́jà gẹ́lẹ́. Àwọn ṣọ́jà pàápàá mọ̀ ọ́n mọ́ èyí. Nínú ọ̀nà tó ní ojú ìdádúró tó tó ogún, ó máa ń ṣe é ní ogún ìgbà ní àlọ, ogún ìgbà ní àbọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ kì í sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku ọjọ́ méjì, Sewanu gbé àjẹ̀ ọkọ̀ kọ́ èjìká bí ìbọn, ó yọ sí i láti ẹ̀yìn igi àgbọn.

"Họ́ọ̀tì!"

Kó tó pa ẹnu dé, kọ́kọ́rọ́ àpótí ti kúrò nínú ihò ìṣó. Ó ti wà ní etí bẹ́ńṣì, ọwọ́ Ẹnìtàn méjèèjì sì ti wà lókè.

"Pátíkọ́là dà? Kí lo kó sẹ́yìn?"

"Ìyàwó ni, sà. Ó wúwo díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ máa mú un lọ."

Ó fi àjẹ̀ gbá a lẹ́yìn. Mautin, tó ń tú àwọ̀n nítòsí, rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. "Fofo, ọwọ́ yín yá ju ìbọn lọ!" Sewanu náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ẹnìtàn mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó kì í bọ inú ihò rẹ̀ padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti jíà kìíní.

Ní Ọjọ́bọ̀, Mautin fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Àgbádárìgì ní ìdájí. Kò jẹun. Ó kó bàtà náà lọ́wọ́ kí omi má baà kàn án, orí ilẹ̀ ló ti wọ̀ ọ́. Sewanu ti fi ọṣẹ dúdú fọ ẹ̀wù rẹ̀, nítorí ọṣẹ gidi, àfi kí èèyàn tò sórí ìlà fún un, kó sì má rí i.

Àwọn méjìlá ló dúró sẹ́bàá ògiri. Lọ́rì náà wà láàárín àgbàlá, ó ń dún. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, ó ti ṣí lára. Nùrúdíìnì wà lára àwọn tó tì í jí láàárọ̀ náà. Ó gbójú sí Ẹnìtàn láti ọ̀nà jíjìn, kò wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó ń dán wọn wò ni Ọ̀gbẹ́ni Adédoyin. Láti Ìkẹjà ló ti wá, kò ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ, ó wọ awò ojú, ó sì ń kọ̀wé sórí pátákó kékeré kan. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lé ẹni kan nítorí sílípáàsì. Ẹni kejì gbá àgbá. Ẹni kẹta gbá méjì. Ẹni kẹrin wọlé dáadáa, ó jáde sójú títì, ó sì padà dé. Adédoyin kọ nǹkan, kò sọ fún un bó ṣe rí. Ẹni karùn-ún àti ìkẹfà kò mọ ibi tí rìfáàsì wà.

Ẹnìtàn ni ìkeje. Ó gun orí lọ́rì. Àyè ìjókòó ga ju bẹ́ńṣì lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó rò nìyẹn.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀," ni Adédoyin wí bó ṣe jókòó tì í. "Ohun kan ṣoṣo. Ẹ má pa á o. Ẹrù máa wà nínú ẹ̀. Bó bá kú lójú títì, kò sẹ́ni tó lè tì í."

"Mo gbọ́, sà."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè lápá òsì, rìfáàsì wọlé. Ó wo dígí kan, ó wo èkejì. Ó fi ẹ̀yìn wọ àárín àgbá mẹ́rin ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dúró. Àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́bàá ògiri pa àtẹ́wọ́. Ẹnì kan nínú wọn sọ pé, "Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un mọ́, ó ń gbaṣẹ́ mi lọ."

Wọ́n kó sìmẹ́ǹtì sí i. Ó jáde sójú ọ̀nà.

N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ìdajì wákàtí tó tẹ̀ lé e. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà kò ju pé ẹsẹ̀ òun kò gbàgbé. Ẹrù wà lẹ́yìn, ó mọ̀ ọ́n lára. Ó ń yí jíà kó tó di pé ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Ó yà fún ihò, ó dẹwọ́ fún àwọn obìnrin tó ru igi ìdáná létí títì, ó fún bọ́ọ̀sì lọ́nà. Àgbọn ń kọjá lọ lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n kọjá níbi tí àwọn ṣọ́jà ti ń yẹ ọkọ̀ wò ní Gbaji, apá kejì títì ni àwọn ṣọ́jà dúró sí, wọn kò sì dá lọ́rì dúró. Ọkọ̀ tó ń lọ síhà ibodè kò kàn wọ́n. Àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ni wọ́n ń tú.

Wọ́n yí padà níwájú díẹ̀. Adédoyin ti fi pátákó rẹ̀ sórí itan, kò kọ nǹkan mọ́.

"Bàbá, ibo lẹ ń gbé?"

"Ajido, sà. Ilé àwọn àna mi."

"Ó jìnnà o. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń ti ọkọ̀."

"N óò padà sí Àgbádárìgì. Ìyàwó mi ti kọ̀wé sí ọmọ wa."

Adédoyin mi orí. Ó yọ awò, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún.

Àwọn àgbá àti igi tí wọ́n fi dí ìdajì ọ̀nà Gbaji yọ níwájú. Aṣọ ṣọ́jà kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì dákẹ́.

Lọ́rì náà ń yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti gbé àjẹ̀ kúrò. Ó kọjá àgbá àkọ́kọ́. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún ṣọ́jà gẹ́lẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọwọ́ Ẹnìtàn méjèèjì ti wà níta ojú fèrèsé.

Ṣọ́jà náà kò wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń júwọ́ sí wọn láti ọ̀nà jíjìn pé kí wọ́n máa lọ. Ojoojúmọ́ ló ń rí lọ́rì ilé-iṣẹ́ náà.

"Múùfù!" ó wí. "Múùfù nà!"

Ohun gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹnìtàn gbọ́ ohùn òkun láti ẹ̀yìn àwọn àgbọn. Kò gbọ́ ọ rí láti inú lọ́rì. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀ kó tó mọ ìdí tó fi ń gbọ́ ọ.

"Bàbá," ni Adédoyin wí. Kò pariwo.

Ẹnìtàn mú kọ́kọ́rọ́, ó kì í bọ ihò rẹ̀, ó yí i. Kọ̀ọ̀. Ó tún un yí. Kò tún dún.

Bọ́ọ̀sì kan dé sẹ́yìn wọn, kò lè kọjá. Òmíràn dé. Ṣọ́jà náà lu ara lọ́rì pẹ̀lú kòbókò, ó bi wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ṣọ́jà bóyá ojú ọ̀nà ti di ilé bàbá wọn. Ó lé gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n wá tì í. Wọ́n kóra jọ sẹ́yìn lọ́rì, àwọn obìnrin gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tì í. Ó sún ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó dúró. Wọ́n tún tì í.

"Dẹ́rẹ́bà wo nìyí?" ni ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Orí kí ló ti kọ́ ọkọ̀ wíwà?"

"Orí bẹ́ńṣì," ni Ẹnìtàn wí. Ó di sitiárìn mú, kò sì sọ ọ́ sókè. Adédoyin nìkan ló gbọ́.

Wọ́n tì í títí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ fi kúrò lórí ọ̀dà, ó rì sínú iyanrìn. Bọ́ọ̀sì rí àyè kọjá. Èrò wọn wọlé padà, wọ́n ń bú u lọ. Adédoyin jókòó lórí àtẹ̀gùn lọ́rì, ó fi pátákó sórí eékún.

"Ta ló kọ́ yín báyẹn, Bàbá? Ká dé ọ̀dọ̀ ṣọ́jà ká pa ọkọ̀?"

"Ọ̀nà yìí ni."

"Mo sọ fún yín."

"Ẹ sọ fún mi. Ẹlòmíì ti kọ́kọ́ sọ fún mi."

Adédoyin mú bírò rẹ̀ jáde. "Ẹ mọ̀ ọ́n wà ju àwọn tí mo ti gbà síṣẹ́ lọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa fún ilé-iṣẹ́. Mi ò lè sọ pé kò kú. Òun ló dúró níbí yìí." Ó kọ nǹkan sílẹ̀. "Ìwé wa ní ẹ lè padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

"Oṣù kẹjọ ni n óò pé márùndínlọ́gọ́ta."

Adédoyin yí ojú ewé padà, ó wò ó.

"Mo rí i níbí," ó wí.

Ó ní kí Ẹnìtàn máa lọ, òun yóò dúró ti ẹrù títí wọn yóò fi mú ọkọ̀ mìíràn wá. Ẹnìtàn kọ́kọ́ dúró bóyá ohun kan wà tí òun lè ṣe. Kò sí. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Gbaji padà sí Àgbádárìgì. Níbi tó bá ti bá àwọn ṣọ́jà, ó ń gbé ọwọ́ sókè kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Okùn àwọ̀n tó wà lára bàtà rẹ̀ kò já.

Ọkọ̀ ojú omi ọ̀sán ló wọ̀ dé Ajido. Sewanu wà nídìí ẹja, èéfín bò ó. Ó rí bí Ẹnìtàn ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mautin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ kúàbọ̀, Fofo. Bàtà ńkọ́?"

"Bàtà dára."

Mautin wo ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó gbé àwọ̀n, ó lọ sí ẹ̀bá omi.

Ẹnìtàn jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ọmọrí ìkòkò ti padà sórí ẹja, ṣùgbọ́n òkúta mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ yà kúrò lára wọn.

"Mo pa á," ó wí.

"Kí lẹ pa?"

"Ẹ́ńjìnnì. Mo rí ṣọ́jà."

Sewanu fi ẹja sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Ó wá jókòó sí etí bẹ́ńṣì, ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Mo rí i," ó wí. "Ọjọ́ tí mo ṣe ṣọ́jà. Mo rí i tẹ́ ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Mo ń rẹ́rìn-ín."

"Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín."

Ọkọ̀ kan kọjá lórí ọ̀sà. Ẹni tó ń wà á ké pe Ẹnìtàn bóyá ó ti dé Kọ̀tọ́nù. Ẹnìtàn gbé ọwọ́ sí i.

Mautin padà wá. Ó dúró sókèèrè díẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. "Fofo, ẹnì kan ò ní í lọ pẹ̀lú wa lọ́la. Bẹ́ ẹ bá lè jókòó, kẹ́ ẹ má dìde, a nílò ẹni tó máa di etí àwọ̀n mú."

"N kò ní í dìde."

"Ó dáa."

Nígbà tó lọ tán, Sewanu mú ìwé kan jáde láti etí ìró rẹ̀. Èsì Moyọ̀sọ́lá ni, ó ti dé láàárọ̀ náà lẹ́yìn tí Ẹnìtàn lọ. Ọmọ náà kọ ọ́ pé òun ti di ẹrù òun, pé ọjọ́ wo ni kí òun máa retí wọn ní gáréèjì. Ẹnìtàn kà á lẹ́ẹ̀kan, ó pa á pọ̀ bó ṣe wà.

"Kí la máa kọ sí i?" ni Sewanu bi í.

Ẹnìtàn wo omi.

"Kọ ọ́ pé ọ̀sà ti kún. Sọ pé kò sí ọ̀nà."

Sewanu náà wo omi. Òjò kò tíì rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Láti orí bẹ́ńṣì, wọ́n ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ ọ̀sà, níbi tí ìdí àwọn ọkọ̀ ti ha á.